Ìlera Ìdílé Kristẹni: Ojú Ẹni Tí Yóò Jẹ Ẹ̀wà Náà Ńkọ́?



Láìpẹ́ yìí, arábìnrin kan tí ó ń ta ẹ̀wà ní Bàrígà tọ̀ wá wá lẹ́yìn ìpàdé àwọn obìnrin. Kòkòrò ti fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ owó òwò rẹ̀ tán, àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ sì gbà á nímọ̀ràn pé kí ó wọ́n Sniper sí inú àpò. Ó bi wá pé: "Dádì, ṣé àwọn oníbàárà kò lè fọ̀ ọ́ dáadáa, kí wọ́n sì fi ẹ̀fọ́ jẹ ẹ́? Wọ́n ní ẹ̀fọ́ máa ń dáàbò bo ojú."

Òtítọ́ ni pé ẹ̀fọ́ dára fún ojú. Ẹ̀yin tí ẹ ń ṣiṣẹ́ ìtẹ̀wé ní Ṣómólú mọ̀ pé irin tí a kò tọ́jú yóò dípẹtà. Ìmọ́lẹ̀ àti afẹ́fẹ́ tí ojú ń lò lójoojúmọ́ lè fa ohun tí ó jọ ìpẹtà nínú rẹ̀. Ọlọ́run sì fi èròjà tí ń dènà rẹ̀ sí inú ṣọkọ, tẹ̀tẹ̀, ọsàn àti epo pupa. Ẹ má ṣe dín epo náà títí yóò fi funfun. Èròjà rere inú rẹ̀ ti bá iná lọ nìyẹn.

Ṣùgbọ́n ẹ̀fọ́ kì í ṣe ẹ̀rọ̀ májèlé. Dichlorvos tí ó wà nínú Sniper, apakòkòrò ni. A kò ṣe é fún oúnjẹ. Kì í jẹ́ kí iṣan ara sinmi. Ẹni tí ó bá wọ̀ lára, ihò dúdú àárín ẹyinjú rẹ̀ yóò sún kì, ìríran rẹ̀ yóò ṣe bàìbàì, omi yóò máa dà lójú rẹ̀. Bí ó bá pọ̀, ó lè gba ẹ̀mí. Fífọ̀ àti sísè lè dín in kù, ṣùgbọ́n kò dájú pé yóò tán. Bí ó bá ṣẹlẹ̀ sí ẹnikẹ́ni, ẹ má rọ epo sí i lẹ́nu. Ẹ máa gbàdúrà bí ẹ ti ń gbé e lọ sí ilé ìwòsàn.

Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe àhesọ. Ní 2015, Ìṣọ̀kan Ilẹ̀ Yúróòpù dá gbígba ẹ̀wà Nàìjíríà dúró nítorí dichlorvos tí wọ́n bá nínú rẹ̀. Ní 2019, NAFDAC fòfin de títa ìgò rẹ̀ kékeré ní ọjà gbangba.

Ìwé Òwe 11:1 kọ́ wa pé Olúwa kò fẹ́ ìwọ̀n ẹ̀tàn. Bí a kò bá gbọdọ̀ fi kóńgò rẹ́ oníbàárà jẹ, báwo ni a ó ṣe wá bu májèlé fún un?

A sọ fún arábìnrin wa pé kí ó sá ẹ̀wà náà kí ó gbẹ dáadáa, kí ó dà á sínú àpò onípele mẹ́ta tí a ń pè ní PICS, tàbí dúrọ́ọ̀mù gbígbẹ tí ìdérí rẹ̀ le pinpin. Kòkòrò tí kò rí afẹ́fẹ́ yóò kú láìsí oògùn. Ó ní òun kò ní owó àpò. Níbẹ̀ ni a ti mọ̀ pé ìmọ̀ràn lásán kò tó. Ẹgbẹ́ àwọn obìnrin yá a lówó, ó sì ra mẹ́rin.

Ẹ̀yin ìjọ, ẹ wo ẹni tí ó ń tajà lẹ́gbẹ̀ẹ́ yín. Kí Olúwa pa ojú wa mọ́, kí ó sì pa ọwọ́ wa mọ́ kúrò nínú ẹ̀jẹ̀ aláìṣẹ̀. Àmín.