Ṣé Ti Olówó Nìkan Ni Oúnjẹ Tí Kò Ní Oògùn?

Ẹ̀yin ìyá wa, ẹ̀yin bàbá wa, ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi tí ẹ ń wá sí kíláàsì ní ìrọ̀lẹ́, ọ̀rọ̀ kan ń lọ káàkiri ọjà wa. Wọ́n ní oúnjẹ tí a gbìn láì fín oògùn kòkòrò sí i, èyí tí àwọn tó gbọ́ Faransé ń pè ní «bio», ti olówó ni. Wọ́n ní kí tálákà máa jẹ ohun tó bá rí. Èmi kò gbà bẹ́ẹ̀.

Kí ni bio? Ohun ọ̀gbìn tí àgbẹ̀ kò fi oògùn ilé iṣẹ́ àti ajílẹ̀ òyìnbó sí ni. Ìgbẹ́ ẹran, ìgbẹ́ adìẹ àti ewé tó ti jẹrà ló fi ń bọ́ ilẹ̀. Bí àwọn baba wa ti ń ṣe é nìyẹn kí oògùn tó dé. Ní Àjàṣẹ́, ilé ẹ̀kọ́ àgbẹ̀ Songhaï, tí Fadá Godfrey Nzamujo dá sílẹ̀ ní ọdún 1985, ń fi irú iṣẹ́ yìí kọ́ àwọn ọ̀dọ́. Ìgbẹ́ ẹran ń bọ́ ọ̀gbìn, ohun tó ṣẹ́kù lára ọ̀gbìn ń bọ́ ẹran. Kò sí idán níbẹ̀.

Ohun tí a ń jẹ ní tútù ni ọ̀rọ̀ yìí kàn jù. Ẹ wo sàláàdì tí wọ́n ń fi sínú búrẹ́dì. Ẹ wo tòmátì, ata àti àlùbọ́sà tí a gé tútù láti fi jẹ ẹja díndín àti àkàsà. Wọn kò kan iná rárá. Omi tí a fi fọ̀ wọ́n nìkan ló wà láàárín oko àti ikùn wa.

Oògùn òwú ló ń bà mí lẹ́rù jù. Ní apá Kétu àti Ṣábẹ̀, àwọn àgbẹ̀ a máa gbin òwú. Bí oògùn bá ṣẹ́kù, ẹlòmíràn a gbé e lọ sí oko tòmátì, pé kòkòrò kan náà kọ́ ni? Ṣùgbọ́n a kì í jẹ òwú. Ní ọdún 1999, ní agbègbè Borgou lókè, oògùn òwú kan tí ń jẹ́ endosulfan pa ọ̀pọ̀ ènìyàn. Kì í ṣe àwọn tó ń fín in nìkan ló mú. Ó mú àwọn tó jẹ oúnjẹ tí oògùn náà ti kàn pẹ̀lú. Ní ọdún 2011, àwọn orílẹ̀-èdè pàdé ní Geneva, wọ́n sì fi endosulfan sára àwọn oògùn tí gbogbo ayé gbọ́dọ̀ pa tì. Àwọn oògùn òwú mìíràn ṣì wà lọ́jà.

Nítorí náà, ẹ̀yin tí ẹ ní oko, ẹ yẹ ara ìgò wò kí ẹ tó ṣí i. Faransé ni wọ́n fi kọ ọ́, òótọ́ ni, ṣùgbọ́n lẹ́tà tí a ń kọ́ ní kíláàsì náà ni. Bí ẹ bá rí c-o-t-o-n, òwú nìyẹn, ẹ má fín in sí ẹ̀fọ́. Bí ẹ bá rí «avant récolte», nọ́ńbà tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ni iye ọjọ́ tí a gbọ́dọ̀ dúró kí a tó kórè. Ká ní 14 ni, tí ẹ sì fín in ní ọjọ́ Ajé. Kì í ṣe ọjọ́ Ajé tó ń bọ̀ ni ẹ ó kórè, ọjọ́ Ajé tó tẹ̀ lé e ni. Ẹ má sì fọ ìgò náà fi bu epo tàbí omi mímu láéláé.

Ó wá ku ti owó. Ẹni tí kò ní owó púpọ̀ kò gbọdọ̀ ná an síbi gbogbo. Ọ̀gẹ̀dẹ̀, ìbẹ́pẹ, ọsàn àti píà ní èèpo tí a ń bó dànù, ara èèpo yẹn sì ni èyí tó pọ̀ jù nínú oògùn máa ń wà. Ẹ rà wọ́n níbi tó bá pọ́ọ́kú. Ẹ kàn fọ̀ wọ́n kí ọ̀bẹ tó kàn wọ́n. Owó díẹ̀ tí ẹ bá fẹ́ fi kún un, ẹ fi í sórí ewé àti tòmátì tí ẹ ó jẹ tútù, lọ́wọ́ ẹni tí ẹ mọ oko rẹ̀.

Ṣùgbọ́n ẹ má jẹ́ kí ọ̀rọ̀ bio tàn yín. Ohun tí kò ní oògùn lè ní àrùn. Ìgbẹ́ tútù tí kò tíì jẹrà, tàbí omi gọ́tà tí a fi bomi rin ẹ̀fọ́, lè gbé kọ́lẹ́rà àti ìgbẹ́ gbuuru wọlé. Bio o, kì í ṣe bio o, ẹ fi omi mímọ́ tó ń ṣàn fọ ewé ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan. Bí ẹ bá ń lo omi Javel, ẹ tẹ̀ lé ìwọ̀n tí wọ́n kọ sára rẹ̀, kí ẹ sì tún fi omi mímọ́ ṣan ewé náà. Javel ń pa kòkòrò àrùn. Kò lè yọ oògùn tó ti wọ inú ewé.

Ojú àwa tí a ń rajà náà wà níbẹ̀. Ẹ rántí ọ̀rọ̀ ọ̀pẹ̀ òyìnbó. Àwọn àgbẹ̀ a máa fín ethephon sí i kí èèpo rẹ̀ lè pupa rẹ́súrẹ́sú. Ní ìparí ọdún 2016, ìjọba Benin fúnra rẹ̀ dá títà á sí Yúróòpù dúró fún ìgbà díẹ̀, torí pé oògùn yìí pọ̀ ju ohun tí àwọn ará ọ̀hún gbà. Bẹ́ẹ̀ sì ni ọ̀pẹ̀ òyìnbó «pain de sucre» tiwa lè pọ́n, kó dùn bí oyin, kí èèpo rẹ̀ ṣì tutù yọ̀yọ̀. Kí la fẹ́ fi àwọ̀ pupa yẹn ṣe?

Bákan náà ni ewé. Ìyàwó ilé a dé ọjà, a rí ihò méjì lára ewé, a sì jù ú sílẹ̀. Ẹni tó tà á lọ́la á fín oògùn lẹ́ẹ̀mejì. Ihò nìkan kò fi hàn pé ewé kò ní oògùn, ẹ béèrè lọ́wọ́ ẹni tó ń tà á: «Ìyá, ọjọ́ wo lẹ fín in kẹ́yìn?» Bí ó bá dáhùn tí ó sì lè ka ọjọ́ náà fún yín, ẹ dúna dúrà. Ewé oníhò kì í wọ́n.