Ká Wúre, Ká Sì Mú Ẹsẹ̀ Gbóná

Ẹ̀yin ọmọ awo, àti ẹ̀yin èwe wa tí ẹ ń kọ́ Ifá lọ́wọ́,   ọ̀rọ̀ bọ́ọ̀lù ni mo fẹ́ bá yín sọ lónìí. Ẹlòmíràn lè ní, kí ló pa ìwé ilé-ẹ̀kọ́ Ifá pọ̀ mọ́ bọ́ọ̀lù? Ó pa wọ́n pọ̀ dáadáa. Ní Peckham níbí, bí ọmọ wa bá ti dìde nídìí ẹ̀kọ́, orí pápá ló ń gbà lọ: Peckham Rye, tàbí Burgess Park, tàbí inú kéèjì onírin tó wà láàárín ilé gogoro. Àdúgbò yìí ni Ademola Lookman dàgbà sí, ẹni tí wọ́n fi oyè agbábọ́ọ̀lù tó pegedé jù lọ ní Áfíríkà dá lọ́lá ní oṣù Kejìlá ọdún 2024. Ọmọ wo ni kò fẹ́ dà bíi rẹ̀?

Ohun kan wà tí kò tẹ́ mi lọ́rùn. Ọmọ á dé orí pápá, á fọwọ́ kan ilẹ̀, á fọwọ́ kan orí, á wúre. Ìyẹn dára púpọ̀. Ṣùgbọ́n lẹ́yìn ìwúre náà, kò ní sáré díẹ̀, kò ní na ẹsẹ̀, ó kàn máa ki eré mọ́lẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà ni. Bí a bá bá a wí, á ní, "Mo ti wúre, sà, kò séwu." Àwọn àgbà kan pàápàá ń gbè é lẹ́yìn. Wọ́n á ní bí a bá ti sín gbẹ́rẹ́ fún ọmọ, kí la tún ń wá? Lójú tèmi, ọ̀rọ̀ yìí kò tọ̀nà, kò sì bá ohun tí à ń kọ́ yín mu.

Ẹ rántí ohun tí ẹ kọ́ nípa Orí àti Ẹsẹ̀. Orí ló ń yan ire, ẹsẹ̀ ló ń gbé ènìyàn dé ibi tí ire wà. Bí gbogbo Orí bá pe ìpàdé tí wọn kò pe Ẹsẹ̀ sí i, ìpàdé náà kò lè yọrí. Ọmọ tó wúre tí kò mú ẹsẹ̀ rẹ̀ gbóná, ìpàdé láìpe Ẹsẹ̀ ló ṣe yẹn. Ẹsẹ̀ ni yóò sì jẹ ìyà rẹ̀.

Èyí kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹnu lásán. Ètò kan wà tí àjọ FIFA gbé kalẹ̀ ní ọdún 2006, FIFA 11+ ni wọ́n ń pè é. Kò gbà ju nǹkan bí 20 ìṣẹ́jú lọ, kò sì gbówó lórí. Àwọn onímọ̀ ìtọ́jú ara láti Èkó, tí Olúwatóyọ̀sí Owóẹ̀yẹ ṣíwájú wọn, dán an wò láàárín àwọn ọ̀dọ́kùnrin tó ń gbá bọ́ọ̀lù ní líìgì àwọn ọ̀dọ́ l'Ékòó. Ẹgbẹ́ 20 ni wọ́n kó jọ, ọmọ 416, ọjọ́ orí wọn jẹ́ ọdún 14 sí 19. Àwọn kan ṣe ètò náà, àwọn yòókù ń ṣe bí wọ́n ti ń ṣe tẹ́lẹ̀. Oṣù mẹ́fà ni wọ́n fi ṣọ́ wọn. Nígbà tí wọ́n gbé àbájáde jáde ní ọdún 2014, ó hàn pé ìfarapa dín ní 41 nínú ọgọ́rùn-ún láàárín àwọn tó ṣe é. Ti ẹsẹ̀ nìkan dín ní 48 nínú ọgọ́rùn-ún. Ẹ̀yin ọmọbìnrin, ẹ má rò pé ọ̀rọ̀ yìí kò kàn yín. Àwọn ọmọbìnrin ni wọ́n ti kọ́kọ́ dán an wò lára wọn ní Norway, àbájáde rẹ̀ jáde ní ọdún 2008, ìfarapa tó le sì fẹ́rẹ̀ẹ́ dín kù dé ìlàjì.

Bí wọ́n ṣe ń ṣe é nìyí. Ìṣẹ́jú 8 àkọ́kọ́, ẹ sáré jẹ́ẹ́jẹ́ ní méjì-méjì, ẹ gbé orúnkún sókè, ẹ yí itan síta, ẹ yí i sínú. Ìṣẹ́jú 10 tó tẹ̀lé e, ẹ fi ìgúnpá àti ọmọ ìka ẹsẹ̀ gbé ara dúró gbọọrọ, ẹ fi ẹsẹ̀ kan dúró, ẹ lóṣòó kí ẹ dìde, ẹ fò sókè. Bí ẹ bá ń balẹ̀, ẹ jẹ́ kí orúnkún tẹ̀ díẹ̀, kó má sì ya wọ inú, nítorí ibẹ̀ gan-an ni iṣan orúnkún ti máa ń já. Ìṣẹ́jú 2 tó kẹ́yìn, ẹ sáré dáadáa, kí ẹ máa yà sọ́tùn-ún, kí ẹ máa yà sósì. Ó kéré tán, ẹ ṣe é lẹ́ẹ̀mejì lọ́sẹ̀. Bí ẹ bá ṣe é lẹ́ẹ̀kan tí ẹ pa á tì, kò ní ṣe yín láǹfààní.

Ọ̀kan wà nínú rẹ̀ tí mo fẹ́ kí ẹ fi sọ́kàn. Ẹ kúnlẹ̀, kí ọ̀rẹ́ yín di ọrùn ẹsẹ̀ yín mú sílẹ̀, kí ẹ wá máa fi àyà lọ síwájú díẹ̀díẹ̀, láìtẹ ìbàdí. Iṣan ẹ̀yìn itan ni èyí ń fún lágbára. Ẹ mọ Bukayo Saka, ọmọ tiwa tó ń gbá bọ́ọ̀lù fún Arsenal. Ní ọjọ́ 21 oṣù Kejìlá ọdún 2024, ní Selhurst Park tí kò jìnnà sí wa, iṣan ẹ̀yìn itan rẹ̀ já. Wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ fún un, ọjọ́ kìíní oṣù Kẹrin ọdún 2025 ló tó padà sórí pápá. Bí ẹni tí dókítà yí ká bá lè jókòó ju oṣù mẹ́ta lọ, kí ni kí ọmọ tí kò ní dókítà kankan ṣe?

Àwọn bàbá wa kan á ní, "Láyé ìgbà tiwa, ẹsẹ̀ lásán la fi gbá bọ́ọ̀lù l'Ékòó, kò sì ṣe wá ní nǹkan kan." Mo gbọ́ o. Ṣùgbọ́n oòrùn Èkó ti mú ara wọn gbóná kí wọ́n tó dé pápá. Òtútù oṣù Kọkànlá ní Peckham Rye kì í ṣe ẹgbẹ́ rẹ̀. Àwọn tí orúnkún wọn sì bàjẹ́ láyé ìgbà náà, wọn ò sí níbi tí a ti ń sọ ìtàn yẹn.

Ó kan ohun wíwọ̀. Ẹ̀yin òbí, ẹ jọ̀wọ́, ẹ má ra bàtà tó tóbi fún ọmọ nítorí pé yóò dàgbà bá a. Ẹsẹ̀ tó ń yọ̀ nínú bàtà, rírọ́ ló máa rọ́. Bàtà tí eyín rẹ̀ gùn ni ti ẹrẹ̀. Èyí tí eyín rẹ̀ kúrú ni ti koríko oníke. Pẹlẹbẹ ni ti orí kọnkéré inú kéèjì. Ṣíngáàdì tí à ń kì bọ inú ìbọ̀sẹ̀ ń dáàbò bo ojúgun, láti ọdún 1990 ló sì ti di dandan nínú òfin bọ́ọ̀lù.

Mo dé ibi tó ń dá àríyànjiyàn sílẹ̀ láàárín wa: ìdè Ifá àti ìlẹ̀kẹ̀. Òfin kẹrin bọ́ọ̀lù kò fàyè gba ohunkóhun tó lè ṣeni léṣe lára agbábọ́ọ̀lù. Lójú rẹfirí, irú ohun bẹ́ẹ̀ lè ni ìdè yín. Àwọn kan ní kí ọmọ awo kọ̀, kí ó kúkú má gbá a mọ́. Èmi kò gbà bẹ́ẹ̀. Bí ìdè bá kọ́ aṣọ ẹlòmíràn, ó lè ya ọwọ́ yín, ó lè ṣe ọmọ ọlọ́mọ léṣe. Ìwà ló jù nínú ohun tí ìdè ń rán wa létí, ìwà pẹ̀lẹ́ kò sì ní kí a fi ọmọ ẹnìkejì sínú ewu. Ẹ béèrè lọ́wọ́ olúwo yín bó ṣe yẹ kí ẹ bọ́ ọ, kí ẹ bọ́ ọ tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀, kí ẹ fà á lé àgbà lọ́wọ́, kí ẹ gbà á padà bí eré bá parí.

Ọ̀rọ̀ orí ló kù. Láti oṣù Kejì ọdún 2020, àjọ bọ́ọ̀lù ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ti ní kí àwọn ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ má fi orí kan bọ́ọ̀lù mọ́ níbi ìdánrawò. Àwa tí à ń bọ Orí ló yẹ kí a kọ́kọ́ pa á mọ́. Bí nǹkan bá gbá yín lórí, tí òòyì ń kọ́ yín tàbí tí èébì ń gbé yín, ẹ jáde kúrò nínú eré lójú ẹsẹ̀, kí ẹ sọ fún àgbà. Kì í ṣe ojo.

Ojú ni alákàn fi ń ṣọ́rí. Ẹ wúre, kí ẹ sì mú ẹsẹ̀ gbóná. Orí yín kò ní gbàbọ̀dè, ẹsẹ̀ yín yóò gbé yín dé ibi ire. Àṣẹ.