Ta ló kọ́ ẹni tó ń kọ́ àwọn ọlọ́sìn ẹja?

Ọ̀rọ̀ òní kì í ṣe ti ẹgbẹ́ òṣèlú, bó tilẹ̀ jẹ́ pé àwọn tá a dìbò fún ló kàn.

Lọ́dún tó kọjá, ọ̀kan nínú ọmọ ẹgbẹ́ wa jí láàárọ̀, ó bá èpìyà inú kòtò ẹ̀ tí wọ́n ti kú, tí wọ́n léfòó. Ó ti tó ọjọ́ mẹ́ta tó ti ń rí i pé wọ́n ń yọ ẹnu sókè omi kí ilẹ̀ tó mọ́. Ó pe olùkọ́ àgbẹ̀. Ọmọ dáadáa ni, ó gun alùpùpù wá, àmọ́ ọ̀sán gangan ló dé, ẹja sì ti wọ ìsàlẹ̀ lọ. Ó ní kò séwu, kí wọ́n fi oúnjẹ kún un. Bẹ́ẹ̀ sì rèé, omi tó bá ti di aláwọ̀ ewé, àwọn ewé wẹ́wẹ́ inú rẹ̀ ń mí lóru bíi tiwa, wọ́n á lo afẹ́fẹ́ inú omi kí ojúmọ́ tó mọ́. Oúnjẹ tó ṣẹ́kù tó ń rà nísàlẹ̀ á tún bá wọn lò ó. Ẹni tó mọ̀ á ní kí wọ́n dá oúnjẹ dúró, kí wọ́n da omi tuntun sí i.

A ò bá ọmọ náà wí. Àgbàdo àti ọ̀pẹ ni wọ́n kọ́ ọ. Àwa tá a ti fẹ̀yìn tì mọ irú ìdánilẹ́kọ̀ọ́ tí wọ́n máa ń ṣe: ọjọ́ méjì nínú gbọ̀ngàn, ìwé Faransé, oúnjẹ ọ̀sán, fọ́tò. Kò sẹ́ni tó ti ọwọ́ bọ omi.

Ẹ rántí ọ̀rọ̀ edé. Ní 2003, Benin fúnra rẹ̀ ló dá edé tó ń kó lọ sí Yúróòpù dúró, torí pé àwọn aláyẹ̀wò Yúróòpù rí i pé àbójútó ìmọ́tótó wa ò tó. Ó di 2005 kí wọ́n tó ṣí i, ọjà náà ò sì padà rí bíi tàtijọ́. Àwọn apẹja Nokoué àti ti ọ̀sà Àjàṣẹ́ ló jìyà ẹ̀.

Ní báyìí, àwọn ọ̀dọ́ wa kan ní àwọn fẹ́ sin edé odò. Ó dáa. Ṣùgbọ́n edé kì í ṣe èpìyà o! Omi tó níyọ̀ díẹ̀ lọmọ rẹ̀ fi ń dàgbà kó tó lè gbé inú omi tútù. Tó bá bọ́ èèpo ara, tí ara rẹ̀ rọ̀, àwọn ẹgbẹ́ ẹ̀ á jẹ ẹ́ bí kò bá ríbi sá sí. Ta ni yóò sọ ìyẹn fún wọn níbí?

Ọ̀nà wà. Láti 2010 dé 2014, ìjọba wa àti Japan ṣe iṣẹ́ tí wọ́n pè ní PROVAC, Plateau náà wà nínú ẹ̀. Àwọn ọlọ́sìn tó mọṣẹ́ ni wọ́n kọ́, àwọn yẹn sì ń kọ́ ẹlẹgbẹ́ wọn létí kòtò. Songhai sì wà l'Ájàṣẹ́ láti 1985, kò jìnnà.

Ohun tá a fẹ́ kí ATDA ṣe rèé: kí olùkọ́ wa wà létí omi láti ọjọ́ tí wọ́n da ọmọ ẹja sí i dé ọjọ́ tí wọ́n kó o, kó máa jí ní aago márùn-ún wo omi, kó sì lè ṣàlàyé ní Yorùbá àti ní Gùn. Kí wọ́n fún un lówó epo pẹ̀lú. Ẹ̀yin olóyè, nígbà tí wọ́n bá pè yín sí ìpàdé kọmíní n'Ífàngní, ẹ bi wọ́n léèrè ọjọ́ tó máa bẹ̀rẹ̀. Ọmọ ẹgbẹ́ wa ti gbẹ́ omi kòtò ẹ̀ dànù, ó ní òun ò tíì ní da ọmọ ẹja kankan sí i.