Bí A Bá Fẹ́ Ọmọ Peckham, Ká Tètè Pè É

Nínú géèmù Football Manager, agbábọ́ọ̀lù kọ̀ọ̀kan ló ní ojú ewé tirẹ̀, àsíá orílẹ̀-èdè rẹ̀ sì máa ń wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ orúkọ rẹ̀. Àsíá kan ṣoṣo ni ọ̀pọ̀ wọn ní. Ti àwọn mìíràn jẹ́ méjì: ti England ṣáájú, ti Nàìjíríà tẹ̀ lé e. Mi ò rò pé ẹnikẹ́ni nínú ẹ̀yin tí ẹ ń ka èyí láti London, Houston tàbí Toronto nílò àlàyé lórí àsíá kejì yẹn. Àwa náà ní in.

Fún ẹni tí kò bá tíì gbá a rí: nínú géèmù yìí, ẹ kò ní fi ìka gbá bọ́ọ̀lù rárá. Ẹ̀yin ni kóòṣì. Ẹ̀yin lẹ máa yan ẹni tó máa wọlé, ẹ̀yin lẹ máa bá àwọn tó ni ikọ̀ fa ọ̀rọ̀ owó, ẹ̀yin náà lẹ máa sọ fún ọmọ ọdún méjìdínlógún pé orí àga ni yóò jókòó sí lọ́sẹ̀ yìí. Tẹ̀gbọ́n-tàbúrò kan, Paul àti Oliver Collyer, ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ní Shropshire. Ó jáde lọ́dún 1992 pẹ̀lú orúkọ Championship Manager, kó tó wá di Football Manager. Ó dé orí PSP lọ́dún 2006, ó dé orí fóònù lọ́dún 2010, láti ìgbà náà sì ni àwọn òbí wa ti ń sọ pé a kì í gbé ojú sókè mọ́. Steam Deck ni èmi fi ń gbá tèmi, nínú bọ́ọ̀sì tí mo ń wọ̀ lọ sí yunifásítì. Ti ọdún 2024 ni mo ṣì ń gbá. Sports Interactive, iléeṣẹ́ tó ń ṣe é, kéde ní oṣù kejì ọdún 2025 pé ti 2025 kò ní jáde mọ́, ọ̀pọ̀ wa sì fìdí kalẹ̀ sídìí ti tẹ́lẹ̀.

Ohun tí mo fẹ́ sọ dá lórí ohun tó ń ṣẹlẹ̀ bí ẹ bá gba iṣẹ́ kóòṣì Nàìjíríà nínú géèmù náà.

Bí ẹ bá mú Arsenal tàbí Wolves, owó wà. Ẹ rí ọmọ tó dára, ẹ rà á. Orílẹ̀-èdè kì í ra ènìyàn ní tirẹ̀. Ìpè nìkan ló ní lọ́wọ́. Nítorí náà, iṣẹ́ àkọ́kọ́ tí mo ṣe ni pé mo ní kí ẹ̀rọ náà kó gbogbo ẹni tó ní àsíá Nàìjíríà jáde, ìbáà jẹ́ ní ipò kìíní tàbí ní ipò kejì. Orúkọ ya dé bí omi. Ẹ̀yin tí tíṣà máa ń ké orúkọ yín kù ní kíláàsì, ẹ fọkàn balẹ̀ kẹ́ ẹ ka orúkọ àwọn ọmọ yìí ní kíkún. Tosin Adarabioyo, tí wọ́n bí ní Manchester: Oluwatosin Oluwadoyinsolami wà nínú orúkọ rẹ̀. Fikayo Tomori, tí wọ́n bí ní Calgary ní Kánádà: Oluwafikayomi Oluwadamilola. Bukayo Saka: Ayoyinka, Temidayo. Ó dà bíi pé ìyá àgbà ń ka orúkọ ọmọ tuntun sétí wa lọ́jọ́ ìsọmọlórúkọ. (Kò sí àmì ohùn lórí ọ̀kankan nínú wọn, àmọ́ ẹ jẹ́ ká fi ìjà yẹn sílẹ̀ di ọjọ́ mìíràn.)

Ẹ wá pè wọ́n. Ibẹ̀ ni wàhálà ti máa ń bẹ̀rẹ̀. Àwọn kan á jẹ́ ìpè náà. Àwọn mìíràn á ní àwọn ṣì ń rò ó, tàbí pé England ni àwọn ń retí. Ẹni tó bá wà lórí àga kóòṣì yóò kọ́kọ́ bínú. Ọmọ tí orúkọ rẹ̀ jẹ́ Yorùbá láti òkè délẹ̀, òun ni kò fẹ́ gbá bọ́ọ̀lù fún Nàìjíríà? Ohùn àwọn àbúrò bàbá wa gan-an ló máa jáde lẹ́nu yín.

Àmọ́ géèmù náà kì í jẹ́ kí ìbínú yẹn pẹ́, nítorí ìtàn ọmọ náà wà lójú ibẹ̀ kan náà. Ẹ ó rí i pé láti ìgbà tó ti wà ní ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún ló ti ń gbá bọ́ọ̀lù fún àwọn ọ̀jẹ̀wẹ́wẹ́ England. Wọ́n pè é nígbà tí kò tíì sí ẹni tó mọ̀ ọ́n lẹ́yìn àwọn ará àdúgbò rẹ̀. Ẹ̀yin wá dé lónìí, nígbà tó ti ń gbá bọ́ọ̀lù wọlé ní Premier League, ẹ ní kó máa bọ̀ nílé. Ilé wo? Ta ni nínú yín ló ti wá kí i rí?

Bó ṣe rí lójú ayé náà nìyẹn. Ẹ wo Ademola Lookman, ọmọ tó dàgbà ní Peckham. Ó wà nínú ikọ̀ England tó gba Ife Àgbáyé àwọn tí ọjọ́ orí wọn kò ju ogún ọdún lọ ní 2017. Ṣáájú Ife Àgbáyé 2018, Nàìjíríà ké sí i, àmọ́ kò gbà nígbà náà. Ọdún gorí ọdún, England kò pè é sínú ikọ̀ àgbà. Ní oṣù kẹta ọdún 2022 ló tó wọ aṣọ Nàìjíríà fún ìgbà àkọ́kọ́, nígbà tí a pàdé Gánà ní Kumasi. Ní ọjọ́ 22 oṣù karùn-ún ọdún 2024, ó gbá bọ́ọ̀lù mẹ́ta wọlé fún Atalanta nínú àṣekágbá Europa League ní Dublin, 3-0 ni wọ́n sì fi na Bayer Leverkusen. Kí ọdún náà tó parí, òun ni wọ́n dé ládé agbábọ́ọ̀lù tó dára jù ní Áfíríkà. Kò sí ẹni tó rántí 2018 mọ́. Gbogbo ènìyàn ló di ẹbí Lookman.

Ká ní ó kọ̀ lẹ́ẹ̀kejì ńkọ́? Ẹ mọ orúkọ tí wọn ì bá máa pè é. Saka yan England ní 2020. Jamal Musiala, tí bàbá rẹ̀ jẹ́ ọmọ Nàìjíríà, tí òun náà sì ti gbá bọ́ọ̀lù fún àwọn ọ̀jẹ̀wẹ́wẹ́ England, yan Jámánì tó jẹ́ ilẹ̀ ìyá rẹ̀ ní 2021. Folarin Balogun, tí àwọn òbí rẹ̀ bí sí New York tó sì dàgbà ní London, àsíá mẹ́ta ló wà níwájú rẹ̀. Amẹ́ríkà ló mú ní 2023. Bí irú ọmọ bẹ́ẹ̀ bá ti yan ibòmíràn, ẹ mọ irú ọ̀rọ̀ tó máa ń kún abẹ́ àwòrán rẹ̀. “Ọ̀dàlẹ̀” ló fẹ́lẹ́ jù nínú wọn. Ní oṣù keje ọdún 2021, nígbà tí Saka pàdánù pẹ́náritì nínú àṣekágbá ìdíje Euro, tí àwọn kan ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì sì ń bú u nítorí àwọ̀ rẹ̀, mo fi etí ara mi gbọ́ níbi àpèjẹ kan tí àgbàlagbà kan ní, “Ó dáa bẹ́ẹ̀, ṣebí òun ló yàn wọ́n.” Àwọn tó jókòó tì í rẹ́rìn-ín. Ọmọ ọdún mọ́kàndínlógún ni Saka nígbà náà.

Èmi kò bá wọn rẹ́rìn-ín, mi ò sì ní bá wọn rẹ́rìn-ín láé. Lójú tèmi, ẹni tó yẹ ká bi ní ìbéèrè kì í ṣe ọmọ náà. Àjọ bọ́ọ̀lù Nàìjíríà, NFF, ló yẹ ká bi pé níbo ni wọ́n wà nígbà tí ọmọ náà wà ní ọmọ ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún.

Òfin FIFA gan-an ti rọ̀ ju ẹnu wa lọ. Tẹ́lẹ̀, bí ọmọ bá ti gbá ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ kan ṣoṣo tí kì í ṣe ti ọ̀rẹ́sọ́rẹ̀ẹ́ fún ikọ̀ àgbà, ó ti parí nìyẹn. Munir El Haddadi wọ pápá fún Sípéènì fún ìwọ̀nba ìṣẹ́jú ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2014, ó sì fi ọ̀pọ̀ ọdún wá bó ṣe máa lọ sí Mòrókò, tó jẹ́ ilẹ̀ àwọn òbí rẹ̀, pàbó ló ń já sí. Ìgbà tí FIFA tún òfin náà ṣe ní 2020 ni ọ̀nà tó là: ẹni tí kò bá tíì gbá ju mẹ́ta lọ, tó sì jẹ́ pé kò tíì pé ọmọ ọdún mọ́kànlélógún nígbà tó gbá wọn, lè yí padà lẹ́yìn ọdún mẹ́ta, bí kò bá ti bá wọn dé Ife Àgbáyé. Munir wọ aṣọ Mòrókò ní 2021.

Inú mi dùn sí òfin tuntun yìí nítorí àwọn ọmọ. Àmọ́ mo rò pé ó ń ba àwọn àjọ bíi NFF jẹ́. Ẹni tó bá mọ̀ pé ilẹ̀kùn ẹ̀yìn wà ní ṣíṣí kì í yára dé iwájú ilé. Ó ti di pé kí a jókòó, kí England jẹun tán, kí a wá máa kó ohun tó ṣẹ́kù lórí tábìlì. Ọmọ náà sì mọ̀. Kò sí ọmọ tí kì í mọ̀ bó bá jẹ́ pé ìgbà tí ẹlòmíràn kọ̀ ọ́ ni a tó rántí rẹ̀.

Nínú géèmù tèmi, mo ti jáwọ́ nínú bẹ́ẹ̀. Àwọn ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún ni mo ń rán ènìyàn lọ wò. Bí ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ ọlọ́rẹ̀ẹ́sọ́rẹ̀ẹ́ bá dé, mo máa ń pe méjì tàbí mẹ́ta nínú wọn, bí ẹnikẹ́ni kò tilẹ̀ mọ̀ wọ́n. Ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ bẹ́ẹ̀ kò de ọmọ mọ́lẹ̀. Ó lè lọ bó bá fẹ́. Àwọn kan lọ lóòótọ́. Àmọ́ àwọn tí mo tètè pè ló ń dúró jù, ju àwọn tí mo sáré tẹ̀ lé lẹ́yìn tí wọ́n di gbajúmọ̀ lọ.

Ẹ̀gbọ́n kan tí mo sọ ọ̀rọ̀ yìí fún bi mí pé kí ló dé tí orílẹ̀-èdè tí èrò rẹ̀ ju igba mílíọ̀nù lọ yóò fi máa bẹ ọmọ London. Ìbéèrè rẹ̀ lẹ́sẹ̀ nílẹ̀. Remo Stars ti Ìkẹ́nnẹ́ ló gba líìgì Nàìjíríà ní 2025, Daniel Ogunmodede sì ni kóòṣì wọn. Mélòó nínú wa ló lè dárúkọ agbábọ́ọ̀lù méjì níbẹ̀? Géèmù náà kò ràn wá lọ́wọ́. Nínú ti 2024, líìgì South Africa nìkan ni ẹ lè gbá ní gbogbo ilẹ̀ Áfíríkà, àyàfi bí ẹ bá lọ wá èyí tí àwọn olólùfẹ́ géèmù náà fọwọ́ ara wọn ṣe. Ẹ ò lè mú Remo Stars. Ẹ ò lè mú Shooting Stars ti Ìbàdàn, tó gba ife ẹ̀yẹ Áfíríkà láti ọdún 1976. Ohun tó wá ń wọ̀ wá lójú ni pé Nàìjíríà jẹ́ ibi tí ọmọ olówó pọ́ọ́kú ti ń jáde wá, a kì í rí i bí ibi tí wọ́n ti ń gbá bọ́ọ̀lù fúnra rẹ̀. Ìyẹn ń dùn mí. Síbẹ̀, kì í ṣe ọmọ Peckham ló gba ipò lọ́wọ́ ọmọ Ìkẹ́nnẹ́. Ojú kan náà tí kò dé Peckham ni kò dé Ìkẹ́nnẹ́.

Ohun púpọ̀ wà tí géèmù náà kò mọ̀. Kò mọ ìyá àgbà ní Ìjẹ̀bú tó ń pe ọmọ-ọmọ rẹ̀ lórí fídíò, tó jẹ́ pé iwájú orí nìkan ló máa ń hàn. Títí di ti 2024, kò mọ̀ pé obìnrin ń gbá bọ́ọ̀lù. FM26, tó jáde ní oṣù kọkànlá ọdún 2025, ló kọ́kọ́ mú wọn wọlé. Bẹ́ẹ̀, ọ̀dọ̀ àwọn obìnrin ni àpẹẹrẹ tó dára jù wà. Ashleigh Plumptre, tí wọ́n bí ní Leicester, tipasẹ̀ bàbá bàbá rẹ̀ di ọmọ Nàìjíríà. Rinsola Babajide, ọmọ London ni. Àwọn méjèèjì ti gbá bọ́ọ̀lù fún àwọn ọ̀jẹ̀wẹ́wẹ́ England rí. Ní oṣù keje ọdún 2025, wọ́n wà nínú ikọ̀ Super Falcons tí Mòrókò fi bọ́ọ̀lù méjì ṣáájú ní Rabat, tó sì padà na Mòrókò 3-2, tó gbé ife Áfíríkà lọ sílé fún ìgbà kẹwàá. Lọ́jọ́ yẹn, mi ò gbọ́ kí ẹnikẹ́ni béèrè ibi tí wọ́n ti bí wọn.

Ẹ ò ní ṣàì ti gbọ́ irú ìpè bẹ́ẹ̀ nínú ilé tiyín. Nígbà tí ẹ wà lọ́mọdé, òyìnbó ni wọ́n ń pè yín, wọ́n ń fi Yorùbá yín ṣe yẹ̀yẹ́ títí tí ẹ fi dákẹ́. Lẹ́yìn náà ni ọ̀kan nínú wa di dókítà tàbí lọ́yà, ìpè wá bẹ̀rẹ̀ sí í dún láti ibi gbogbo pé ọmọ wa ni. Àwọn kan nínú wa jẹ́ ìpè náà. Mo mọ àwọn tí kò jẹ́ ẹ, mi ò sì rí ẹ̀bi wọn.

Ohun tí mo ń béèrè lọ́wọ́ NFF kò tó nǹkan. Ẹ fi ènìyàn méjì tàbí mẹ́ta sí London, sí Dublin, sí Houston. Kì í ṣe èèyàn ńlá, kò nílò ọ́fíìsì. Ẹni tó lè jí láàárọ̀ Sátidé, kó wọ kóòtù, kó lọ dúró létí pápá níbi tí àwọn ọmọ ti ń gbá bọ́ọ̀lù nínú òtútù. Ẹ ó rí àwọn ìyá níbẹ̀ pẹ̀lú fúláàsì tíì lọ́wọ́, tí wọ́n ń fi Yorùbá pariwo mọ́ ọmọ wọn pé kó sáré padà sẹ́yìn. Ẹ lọ bá wọn. Ẹ kọ́kọ́ kí ìyá ọmọ náà dáadáa, kí ẹ tó béèrè ẹsẹ̀ tí ọmọ rẹ̀ fi ń gbá bọ́ọ̀lù.