Àtẹ̀jáde Lẹ́yìn Ìpàdé Gbogboogbò Ẹgbẹ́ Àwọn Tó Ń Ṣe Sóyà Tà

Àwa ọmọ ẹgbẹ́ àwọn tó ń ṣe wàrà àti mílíìkì sóyà tà jókòó ní ìpàdé gbogboogbò gẹ́gẹ́ bí òfin ẹgbẹ́ ti là á sílẹ̀. Gbogbo ẹ̀ka ló rán aṣojú wá, ohùn kan la sì fi fẹnu kò sí ohun tó wà nísàlẹ̀ yìí.

Ìpàdé bu ẹnu àtẹ́ lu àwọn tó ń gbé gbohùngbohùn kiri ọjà àti ibùdókọ̀, tí wọ́n ń ta kápúsù sóyà fún àwọn ìyá tí nǹkan oṣù wọn ti dáwọ́ dúró, tí wọ́n ń sọ pé ó ń wo àtọ̀gbẹ, kí wọ́n pa oògùn dókítà tì. Ẹgbẹ́ kò rán wọn níṣẹ́.

Òótọ́ ni pé sóyà ní èròjà isoflavone, pàápàá genistein àti daidzein, tó fara jọ estrogen, ìyẹn họ́mọ́ọ̀nù obìnrin. Bí estrogen bá ti dín kù lára obìnrin tí nǹkan oṣù rẹ̀ ti dáwọ́ dúró, ínsúlínì tó ń darí ṣúgà ẹ̀jẹ̀ lè má ṣiṣẹ́ dáadáa mọ́. Ìdí nìyí tí àwọn onímọ̀ fi ń yẹ sóyà wò. Èsì wọn kò dọ́gba. Nínú ìwádìí kan tí wọ́n ṣe nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tó jáde ní 2002, obìnrin 32 tó ní àtọ̀gbẹ lo 30 gíráàmù púrótéènì sóyà àti 132 mílígíráàmù isoflavone lójúmọ́ fún ọ̀sẹ̀ 12. Àyẹ̀wò tó ń fi bí ṣúgà ti rí láti oṣù mélòó kan hàn wálẹ̀ díẹ̀. Ṣùgbọ́n oúnjẹ nìkan ni àwọn obìnrin náà fi ń kápá àìsàn wọn. Kò sẹ́ni tó ní kí wọ́n pa oògùn tì. Èyí tó jáde ní 2010 láti Hong Kong tẹ̀lé obìnrin 180 fún oṣù mẹ́fà, ṣùgbọ́n lápapọ̀ kò rí àǹfààní fún ṣúgà ẹ̀jẹ̀ wọn.

Oúnjẹ ni sóyà tí à ń tà. Ọmọ ẹgbẹ́ tó bá pè é ní oògùn àtọ̀gbẹ yóò dá ìwé ẹgbẹ́ padà.

Gbogbo ẹni tó ń ta mílíìkì sóyà gbọ́dọ̀ máa ṣe èyí tí kò ní ṣúgà pẹ̀lú, kí ó sì sọ èyí tó ní ṣúgà fún oníbàárà kó tó sanwó.

A ké sí NAFDAC, àjọ tó ń mójú tó oúnjẹ àti oògùn, pé kí wọ́n palẹ̀ àwọn kápúsù náà mọ́ kúrò lọ́jà.

Ẹ̀yin ìyá wa, ẹ jẹ sóyà bó bá wù yín, ṣùgbọ́n ẹ má dá oògùn yín dúró láìbá dókítà sọ̀rọ̀.

Alága àti Akọ̀wé,
Lórúkọ gbogbo ọmọ ẹgbẹ́.