Ẹ Má Sọ Ilé Ìkàwé Di Ilé Ìnáwó



Ẹ̀yin ọmọ ìyá mi nínú ẹ̀sìn, pàápàá ẹ̀yin ọ̀dọ́, ọ̀rọ̀ kan ń jà ràn-ìn ní àdúgbò wa ní ìlú Ìlọrin yìí, ó sì ti fẹ́ di ohun tí àwọn ọ̀rẹ́ fi ń yan ara wọn lódì. Ilé ìkàwé kan wà tí àwọn bàbá àti ìyá wa fi owó sàdáká kọ́. Ẹnikẹ́ni ni ó lè wọ ibẹ̀, ọmọ kéwú àti ọmọ ilé ìwé ìjọba. Àwọn kan ní àwọn fẹ́ tún ilé náà ṣe. Àtúnṣe ni wọ́n pè é. Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n ka ètò náà sí wa létí, ohun tí a gbọ́ ni pé wọn yóò wó ògiri àárín, wọn yóò sọ gbọ̀ngàn ńlá di ibi ìnáwó tí a óò máa yá àwọn ènìyàn fún ìgbéyàwó, ìsọmọlórúkọ àti wòlímọ̀, wọn yóò kọ́ ṣọ́ọ̀bù mẹ́fà sí iwájú, wọn yóò sì kó àwọn ìwé lọ sí yàrá ẹ̀yìn, níbi tí à ń kó àwọn àga tí ó ti ṣẹ́ sí.

Bí mo bá sọ pé ọ̀tá ìmọ̀ ni àwọn tí ó mú àbá yìí wá, irọ́ ni mo pa. Ọ̀kan nínú wọn, èmi àti ẹ̀ jọ kọ́ kéwú lọ́dọ̀ àáfà kan náà ni, a jọ fọ wàláà ní ẹ̀gbẹ́ kànga kan náà. Wọ́n ní òrùlé ń jò, òótọ́ ni. Wọ́n ní àpò akápò gbẹ, òótọ́ ni. Wọ́n ní àwọn ọ̀dọ́ kì í wá mọ́, àti pé gbogbo ìwé ayé ti wà nínú fóònù. Èyí kì í ṣe òótọ́ tán, n óò sì padà sí i.

Ohun tí ó yẹ kí á kọ́kọ́ yẹ̀ wò ni pé ta ni ó ni ilé náà. Ohun tí ènìyàn bá yọ nínú dúkìá rẹ̀ nítorí Ọlọ́hun, tí ó so ó mọ́lẹ̀ kí àǹfààní rẹ̀ lè máa kan àwọn ènìyàn, òun ni a ń pè ní wákáfù. Nígbà tí Sàyídínà Umar ní ilẹ̀ kan ní Khaibar, tí ó sì wá bi Ànábì léèrè ohun tí òun yóò fi ṣe, ìmọ̀ràn tí ó gbà ni pé kí ó so ilẹ̀ náà mọ́lẹ̀, kí ó sì máa fi èso rẹ̀ tọrẹ. Láti ọjọ́ náà a kò gbọdọ̀ ta ilẹ̀ náà, a kò gbọdọ̀ fi í ta ẹnikẹ́ni lọ́rẹ, ẹnikẹ́ni kò sì gbọdọ̀ jogún rẹ̀. Àwa ará Ìlọrin, ọ̀nà Imam Malik ni à ń tọ̀. Ẹni tí ó bá ti jókòó ka Mukhtasar Khalil níwájú àáfà rẹ̀ mọ̀ pé àwọn onímọ̀ ọ̀nà yìí kò fi àyè gba títa ilé tàbí ilẹ̀ wákáfù, bí ó tilẹ̀ ti di ahoro, àfi bí ó bá di dandan láti fi í fẹ mọ́ṣáláṣí, ojú ọ̀nà tàbí ibi ìsìnkú. Wọ́n sì kọ́ wa pé ohun tí olùfisílẹ̀ bá sọ pé kí á fi ṣe, tí kò bá tako ṣẹ̀ríà, òun ni a gbọdọ̀ fi ṣe. Àwọn ìyá wa tí ó ru àpò sìmẹ́ńtì wá kò sọ pé kí á fi ṣe ibi ijó.

Ọ̀dọ́kùnrin kan tí ó ka ìwé dáadáa (inú mi dùn sí i, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé èmi ni ó ń bá jiyàn) dìde ní ìpàdé, ó ní àwọn tí ń tọ ọ̀nà Imam Ahmad fi àyè gba pàṣípààrọ̀ wákáfù. Mo ní ó káre. Ṣùgbọ́n wọ́n ní kí àǹfààní rẹ̀ ti kọ́kọ́ parẹ́. Ilé tí àwọn ọmọ ń jókòó sí ní ìrọ̀lẹ́ nígbà tí ìdánwò JAMB bá ti kù sí dẹ̀dẹ̀, ṣé òun ni àǹfààní rẹ̀ ti parẹ́?

Ẹnì kan lè sọ pé ilé ìkàwé ìjọba, bí irú èyí tí ó wà ní ojú ọ̀nà Sulu Gambari, kì í ṣe wákáfù. Bẹ́ẹ̀ ni. Ṣùgbọ́n owó gbogbo ìlú ni a fi kọ́ irú rẹ̀, àwọn onímọ̀ ṣẹ̀ríà sì ti fi ìdí rẹ̀ múlẹ̀ pé ohunkóhun tí aláṣẹ bá fẹ́ fi dúkìá ìlú ṣe, àǹfààní ará ìlú ni ó gbọ́dọ̀ tẹ̀lé. Àmánà ni, yálà ọwọ́ ìjọba ni ó wà tàbí ọwọ́ ìgbìmọ̀ àdúgbò.

Kí ẹ má baà rò pé àwa tí owó kò sí lọ́wọ́ wa nìkan ni irú ọ̀rọ̀ yìí ń dààmú, ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ní ìlú New York ní Amẹ́ríkà, níbi tí owó kún fọ́fọ́. Ilé ìkàwé ńlá kan wà níbẹ̀ ní òpópónà 42, tí wọ́n ṣí ní oṣù karùn-ún ọdún 1911. Àwọn tí ó kọ́ ọ gbọ́n. Wọ́n gbé yàrá ìkàwé sí òkè pátápátá, wọ́n sì to pẹpẹ irin alájà méje sí abẹ́ rẹ̀ fún ìwé. Ohun tí ó yà mí lẹ́nu jù ni pé àwọn pẹpẹ ìwé yìí gan-an ni ó gbé ilẹ̀ yàrá ìkàwé náà dúró. Ìwé wà nísàlẹ̀, òǹkàwé wà lókè, pẹpẹ ìwé sì ni òpó ilé. Bí òǹkàwé bá béèrè ìwé, wọn yóò gbé e gòkè fún un kí ó tó pẹ́.

Ní ọdún 2008, àwọn alákòóso ilé náà kéde pé àwọn fẹ́ tún un ṣe. Wọn yóò yọ pẹpẹ irin náà kúrò, wọn yóò ta ilé ìkàwé méjì mìíràn tí ó wà nítòsí, wọn yóò kó àwọn ònkàwé ibẹ̀ sínú àyè tí pẹpẹ fi sílẹ̀, wọn yóò sì kó ìwé tí ó lé ní mílíọ̀nù kan lọ sí ilé ìkẹ́rùsí ní New Jersey. Iye owó tí wọ́n dá lé e jẹ́ dọ́là mílíọ̀nù 300. Wọ́n gbé iṣẹ́ náà fún Norman Foster, ọ̀kan nínú àwọn ayàwòrán ilé tí òkìkí wọn kàn jùlọ ní ayé, ó sì fi àwòrán rẹ̀ hàn ní oṣù kejìlá ọdún 2012. Àwòrán náà dára lójú. Àwọn tí wọ́n mú ti àdúgbò wa wá náà dára lójú.

Àwọn òǹkàwé kò gbà. Ọgọ́rọ̀ọ̀rún òǹkọ̀wé àti ọ̀mọ̀wé ti fọwọ́ sí ìwé ẹ̀hónú. Ada Louise Huxtable, ìyá àgbà tí ó ti lé ní ẹni àádọ́rùn-ún ọdún, tí ó ti fi ọ̀pọ̀ ọdún kọ̀wé lórí ilé kíkọ́, kọ àpilẹ̀kọ kan sínú ìwé ìròyìn Wall Street Journal ní oṣù kejìlá náà láti bu ẹnu àtẹ́ lu ètò yìí. Ní oṣù tí ó tẹ̀lé e ni ó kú. Ní ọdún 2013 àwọn kan gbé ọ̀rọ̀ náà lọ sí kóòtù. Nígbà tí ó di oṣù karùn-ún ọdún 2014, àwọn alákòóso jáwọ́ nínú ètò náà.

Kí ni ó kó irú ẹ̀rù bẹ́ẹ̀ sí wọn lára? Wọ́n ti rí irú rẹ̀ rí. Ilé ìkàwé kan wà ní òpópónà 53 tí wọ́n ń pè ní Donnell. Ní ọdún 2007 wọ́n tà á fún ilé iṣẹ́ òtẹ́ẹ̀lì ní dọ́là mílíọ̀nù 59, pẹ̀lú àdéhùn pé ilé ìkàwé tuntun yóò wà nínú ilé gogoro tí wọ́n bá kọ́ síbẹ̀. Wọ́n ti ilẹ̀kùn rẹ̀ ní 2008. Ọdún 2016 ni wọ́n tó ṣí òmíràn. Èyí tí wọ́n wó fẹ̀ ní ẹsẹ̀ bàtà 97,000 níbùú lóòró, èyí tí wọ́n fi rọ́pò rẹ̀ jẹ́ 28,000, abẹ́ ilẹ̀ ni èyí tí ó pọ̀ jù nínú rẹ̀ sì wà. Òtẹ́ẹ̀lì ni ó wà lókè. Ẹ̀yin ará àdúgbò wa, ṣé èyí kò jọ ṣọ́ọ̀bù mẹ́fà níwájú àti ìwé ní yàrá ẹ̀yìn?

Ṣùgbọ́n àwọn ará New York kò fi ilé wọn sílẹ̀ kí ó máa bàjẹ́. Abẹ́ pápá ìgbafẹ́ Bryant Park tí ó wà lẹ́yìn ilé náà ni wọ́n ti tún àyè ìkówèésí ṣe sí i, tí ibẹ̀ fi lè gba nǹkan bí ìwé mílíọ̀nù mẹ́rin. Ilé ìkàwé ìyáwèé tí wọ́n fẹ́ tà tẹ́lẹ̀ ní òdì kejì títì, wọ́n tún un ṣe, wọ́n sì ṣí i padà ní 2021. Ní oṣù karùn-ún 2014 kan náà, ọ̀kan nínú àwọn òdòdó tí wọ́n fi ṣe ọ̀ṣọ́ sí àjà yàrá ìkàwé ńlá náà já lulẹ̀ ní òru. Wọ́n ti yàrá náà pa títí di oṣù kẹwàá 2016, wọ́n yẹ gbogbo àjà náà wò, wọ́n ṣe é kí ó le, wọ́n sì dá àga àwọn òǹkàwé padà sí àyè wọn. Èyí ni mo mọ̀ sí àtúnṣe.

Àwa Mùsùlùmí náà ní irú rẹ̀. Ẹ lọ wo ilé ìkàwé mọ́ṣáláṣí Qarawiyyin ní ìlú Fez ní Morocco. Fatima al-Fihri, obìnrin, ni a ń sọ pé ó fi ogún bàbá rẹ̀ dá mọ́ṣáláṣí náà sílẹ̀ ní ọdún 859. Nígbà tí ọ̀rinrin fẹ́ ba àwọn ìwé àfọwọ́kọ ibẹ̀ jẹ́, obìnrin mìíràn, Aziza Chaouni, ayàwòrán ilé, ni wọ́n gbé iṣẹ́ fún ní 2012. Omi tí ń ṣàn lábẹ́ ilé ni ó kọ́kọ́ wá ọ̀nà fún. Ó ṣe yàrá tí ooru àti ọ̀rinrin kò ti ní ba ìwé jẹ́. Kò sí ìwé kan tí ó kúrò níbẹ̀ nítorí àti fi àyè sílẹ̀ fún ìnáwó.

Ó yẹ kí ọ̀rọ̀ ìpamọ́ ìwé ká àwa ọmọ Yorùbá lára ju ọ̀pọ̀ ènìyàn lọ. Ahmad Baba, àáfà àgbà ìlú Timbuktu tí a bí ní 1556, ni àwọn ọmọ ogun Morocco mú ní ìgbèkùn lọ sí Marrakesh, tí ó sì kérora pé 1,600 ìwé ni òun pàdánù. Nígbà tí ó padà sílé, ní nǹkan bí ọdún 1615, ó kọ ìdáhùn kan lórí ọ̀rọ̀ ẹrú, ó sì dárúkọ àwọn ẹ̀yà tí ó wà ní ìhà ọ̀dọ̀ wa. Ọ̀kan nínú ibi àkọ́kọ́ tí àwọn onímọ̀ ìtàn ti rí orúkọ Yorùbá nínú ìwé nìyẹn. Bí kò bá sí ẹni tí ó dà á kọ, tí kò sì sí ẹni tí ó pa á mọ́, a kì bá tí gbọ́ ọ. Ní ọdún 2013 àwọn jàgùdà tí ó gba Timbuktu dáná sun nǹkan bí ẹgbẹ̀rún mẹ́rin ìwé kí wọ́n tó sá lọ. Púpọ̀ nínú àwọn yòókù bọ́ nítorí pé àwọn ará ìlú ti dì wọ́n sínú àpótí irin, tí wọ́n sì ti fi òru gbé wọn lọ sí Bamako.

Nílé wa níbí ńkọ́? Àáfà Ahmad ọmọ Abubakar kọ ìtàn àwọn ọba Ìlọrin ní èdè Lárúbáwá ní 1912, òun ni a sì ń gbára lé títí di òní. Mélòó nínú irú rẹ̀ ni ikán ti jẹ nínú gàfàkà ní òkè àjà ilé àwọn bàbá wa? Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Kwara ní Màlété ti dá ibùdó kan sílẹ̀ fún àwọn ìwé àfọwọ́kọ Ìlọrin, Ọlọ́hun yóò san wọ́n lẹ́san. Ṣùgbọ́n Màlété jìnnà sí ọmọ tí kò ní owó ọkọ̀.

Èyí mú mi padà sí ọ̀rọ̀ fóònù. Àwọn alákòóso New York pàápàá sọ irú ọ̀rọ̀ yìí, pé ayé ti yí padà, ìwé ti wà lórí kọ̀ǹpútà. Èmi náà ń lo fóònù, tàfúsírì wà nínú tèmi. Ṣùgbọ́n ẹ bi ọmọ tí ó wà ní Pàkátà tàbí Òkèkéré bóyá ó ní owó dátà ní òpin oṣù, kí ẹ sì bi í bóyá iná wà láti fi gba bátìrì rẹ̀. Ẹ bi í pẹ̀lú bóyá ó ní ibi tí ó dákẹ́ rọ́rọ́ nínú yàrá kan tí òun àti àbúrò márùn-ún jọ ń sùn. Fóònù lè ní ìwé, kò lè ní àga àti tábìlì. Ní ti pé àwọn ọ̀dọ́ kì í wá, aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ ni à ń ti ilẹ̀kùn. Aago mẹ́rin ni àwọn ọmọ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń lọ sí ilé kéwú! Nígbà wo ni kí wọ́n wá?

Bí owó ni wàhálà, ilẹ̀ gbalasa wà ní ẹ̀gbẹ́ ọgbà ní ìhà títì. Ẹ kọ́ ṣọ́ọ̀bù méjì síbẹ̀, kí owó rẹ̀ máa ra ìwé kí ó sì máa tún òrùlé ṣe. Bẹ́ẹ̀ ni àwọn aṣáájú wa ti ń ṣe ní Fez àti ní Cairo, tí ọjà ń bọ́ ilé ẹ̀kọ́. Ẹ má fọwọ́ kan gbọ̀ngàn. Ẹ ṣí i títí di aago mẹ́sàn-án alẹ́, èmi yóò gba ọjọ́ méjì lọ́sẹ̀ láti jókòó tì í láìgba kọ́bọ̀.

Ìpàdé ìkẹyìn yóò wáyé lẹ́yìn ìrun Jímọ̀ tí ń bọ̀. Mo bẹ àwọn àgbà ìgbìmọ̀ pé kí wọ́n mú ìwé ìfisílẹ̀ tí a kọ lọ́jọ́ tí a fi ìpìlẹ̀ lélẹ̀ wá, èyí tí ó wà nínú àpótí akọ̀wé, kí wọ́n kà á sókè sí etí gbogbo wa kí ẹnikẹ́ni tó nawọ́. Ẹ̀yin ọ̀dọ́, ẹ má jẹ́ kí ó jẹ́ àwa arúgbó nìkan ni a óò jókòó síbẹ̀.