Okùn Kan, Ẹnu Méjì

Láti ọdún 2007 ni okùn iná ńlá kan, tí agbára rẹ̀ jẹ́ 330,000 fólítì, ti ń gbé iná mànàmáná láti Ìkẹjà lọ sí Sakété ní ilẹ̀ Benin, tó ń gba orí oko àti orí odò kọjá, tí aṣọ́bodè kankan kò sì lè bi í léèrè ibi tó ń lọ. Ẹni tó bá mọ ìtàn agbègbè wa kò ní ṣàì rẹ́rìn-ín, nítorí pé nígbà tí Gẹ̀ẹ́sì àti Faransé fẹnu kò ní 1889, tí wọ́n fa ìlà gba àárín ọmọ ìyá kọjá, tó fi di pé Ìlaró ilé Òrónnà àti ilẹ̀ tí Ayétòrò tó fi àlàáfíà ṣe orúkọ wà lónìí bọ́ sí apá kan, tí Kétu, Pọ́bẹ̀ àti Sakété sì bọ́ sí apá kejì, kò sí ẹni tó rò pé irin tí kò lẹ́sẹ̀ ni yóò máa ré ìlà náà kọjá tọ̀sán-tòru.

Iná ré kọjá. Orúkọ àwọn wáyà tó ń pín in kiri inú ilé ni kò bá a ré kọjá. Oníṣẹ́ iná tó kọ́ṣẹ́ ní Ìlaró, láìfù, níútírà àti ẹ́ẹ̀tì ló gbọ́ lẹ́nu ọ̀gá rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tó kọ́ṣẹ́ ní Pọ́bẹ̀, tí wọ́n jọ ń kí ara wọn ní Yorùbá kan náà, phase, neutre àti terre ni tirẹ̀. Bí àwọn méjèèjì bá jọ gba iṣẹ́ ilé kan, tí ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì kò yé ọ̀kan, tí ti Faransé kò sì yé èkejì, kí ni wọn yóò fi ṣe àdéhùn bí kò ṣe àwọ̀ ara wáyà?

Ibi tí ewu gbé wà gan-an nìyẹn. Nínú ìlànà àtijọ́ tí Gẹ̀ẹ́sì fi sílẹ̀ fún wa, wáyà pupa ni iná ń bá wọlé, dúdú ni ó ń gbà padà, èyí tó ní àwọ̀ ewé ni wọ́n ń rì mọ́lẹ̀. Ṣùgbọ́n ní ti Faransé, búlúù ni wọ́n yà sọ́tọ̀ fún ìpadà, wọ́n sì gba dúdú láyè láti gbé iná, tó fi jẹ́ pé wáyà tí ọmọ Ìlaró ń fi ọkàn balẹ̀ dì mú lè jẹ́ èyí tí ọmọ Pọ́bẹ̀ kò jẹ́ fọwọ́ kàn láì kọ́kọ́ pa iná. Àwọn Gẹ̀ẹ́sì pàápàá ti yí ohùn padà: láti 2006 ni wọ́n ti sọ ọ́ di dandan nílẹ̀ wọn pé kí búráùn máa gbé iná, kí búlúù máa dá a padà, àti pé níbi tí iná bá ti wọlé ní féèsì mẹ́ta, kí dúdú jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn mẹ́ta tó ń gbé e. Búráùn àti búlúù náà ló wà nínú okùn fáànù àti àìrọ́ọ̀nù tí à ń rà lọ́jà lónìí, nígbà tí pupa àti dúdú ìjọ́un ṣì wà nínú ògiri ilé àwọn baba wa. Ẹ wá wo ọmọ iṣẹ́ tó wà lókè àkàbà, tí ọ̀gá rẹ̀ nísàlẹ̀ ń pariwo pé, “Dúdú ni kó o dì mú, kò lè gbé ọ!”

Ti fáíbà, okùn dígí tí ọ̀rọ̀ ń bá ìmọ́lẹ̀ gbà kọjá, tún le jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ní 1966 ni Charles Kao fi yé aráyé pé bí dígí bá mọ́ tó, ìmọ́lẹ̀ lè gba inú rẹ̀ rìn jìnnà; lónìí, fọ́nrán dígí tí ìbú rẹ̀ kò ju ìdá kan nínú mẹ́jọ mílímítà ló ń gbé ọ̀rọ̀ wa. Okùn SAT-3 tó gba abẹ́ òkun wá gúnlẹ̀ sí Èkó, ó sì gúnlẹ̀ sí Kútọnu. Nínú ọ̀pá tẹ́ẹ́rẹ́ kan nínú okùn fáíbà, fọ́nrán méjìlá ló sábà máa ń wà, àwọ̀ sì ni wọ́n fi ń to wọ́n: búlúù, àwọ̀ ọsàn, àwọ̀ ewé, búráùn, àwọ̀ eérú, funfun, pupa, dúdú, àwọ̀ ìyeyè, elésè àlùkò, píǹkì, àti àwọ̀ omi òkun. Bí wọ́n bá já, ẹni tó ń fi iná jó orí wọn pọ̀ gbọ́dọ̀ mú àwọ̀ kan bá irú rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ahọ́n tí a jogún, tó fi funfun, pupa àti dúdú ṣe òpó, lè pe mẹ́rin nínú méjìlá yìí ní pupa láì purọ́.

Ilé là ń wò kí a tó sọmọ lórúkọ. Èmi rò pé iṣẹ́ wáyà ló yẹ kí a wò kí a tó sọ ọ́ lórúkọ, kì í ṣe aṣọ tó wọ̀. Ilẹ̀ ni Gẹ̀ẹ́sì ń pe ti ìsàlẹ̀ nì, ilẹ̀ náà ni Faransé ń pè é. Kí ló wá dé tí àwa tí a ni ilẹ̀ ń yá orúkọ rẹ̀ lọ́wọ́ àlejò méjì? Ẹ jẹ́ kó máa jẹ́ wáyà ilẹ̀, kí èyí tó ń gbé iná wá máa jẹ́ wáyà agbéná, kí èkejì rẹ̀ sì máa jẹ́ wáyà ìpadà. Fáíbà ní tirẹ̀, kó máa jẹ́ fáíbà: mi ò sí lẹ́yìn àwọn tó fẹ́ kí ẹni tó gun òpó máa pe okùn-dígí-agbé-ìmọ́lẹ̀-kọjá kí òjò tó dé.

Àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n wa kò sùn. Ní 1970 ni Babs Fáfúnwá àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ ní ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì ní Ilé-Ifẹ̀, ní 1984 sì ni ìwé èdè-ìperí tí Ayọ̀ Bámgbóṣé ṣe olóòtú rẹ̀ jáde. Ṣùgbọ́n èdè àti lítíréṣọ̀ ni ìwé yẹn dojú kọ, kò dé ọ̀dọ̀ ẹni tó mú súkúrù dání. Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ kèrègbè: bí Pólì Ìjọba Àpapọ̀ tó wà ní Ìlaró láti 1979, àti ilé-ẹ̀kọ́ Comprehensive ti Ayétòrò tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1963 kí ọmọ lè kọ́ ìwé kó sì kọ́ iṣẹ́ ọwọ́, bá lè pe àwọn oníṣẹ́ iná láti Pọ́bẹ̀, Kétu àti Sakété wá jókòó ti àwọn ti ilẹ̀ Yewa ní apá Ìlaró, orúkọ tí wọ́n bá fẹnu kò lé lórí ni kí wọ́n tẹ̀ sórí páálí kan ṣoṣo, kí wọ́n lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri gbogbo ṣọ́ọ̀bù láti ibí títí dé ọ̀hún. Kí páálí náà tó jáde, ẹni tó bá fẹ́ fọwọ́ kan wáyà, tẹ́sítà ni kó kọ́kọ́ fi kàn án, ohun yòówù kí àwọ̀ rẹ̀ máa wí.